Táyà Òsì Ń Jẹ Nínú

Ìyá mi kò lè jókòó mọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀ lásìkò òjò, eegun ìbàdí rẹ̀ dá. Ilé ìwòsàn ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, wọ́n sì ní ká máa gbé e lọ sílé. Ó lè dùbúlẹ̀. Ó lè fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí díẹ̀ kó fi mu ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gbé e jókòó, igbe tó máa ké, gbogbo àgbàlá wa ní Koumassi Remblais, ní Abidjan, ni yóò gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń ké.

Ó wá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ká gbé òun lọ. Ó ní ẹnì kan wà ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú tó ń to eegun, pé bàbá ẹni náà ló to apá òun nígbà tí òun já bọ́ lórí igi máńgòrò lọ́mọdé, òun sì ti fi apá ọ̀hún gbé ẹrù títí di òní. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ẹnubodè Nàìjíríà padà nígbà náà, gbogbo ará ilé tó wà ní Abidjan ló ń múra àtilọ wojú ẹbí. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe fẹ́ gbé ẹni tí kò lè jókòó kọjá Ghana, ká kọjá Togo àti Benin, ká tó dé ilẹ̀ wa? Ti bọ́ọ̀sì kò ṣeé sọ. Ti ọkọ̀ òfuurufú, ìyá mi ní òun kò wọ ohun tí kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ọkọ mi ló rí ọ̀nà àbáyọ. Vridi ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀. Òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ kó padà sí ìlú rẹ̀, ó sì ń wá ẹni tó máa gba karafáànì lọ́wọ́ rẹ̀: ilé kékeré onítáyà méjì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń fà lọ sí etí òkun nígbà ìsinmi. Ní Sátidé kan, mo gbọ́ fèrè Pijó ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo ṣe yọjú, mo rí ilé funfun kan tó ń tẹ̀ lé e bọ̀ bí ewúrẹ́ tó ń tẹ̀ lé ẹni tó mú èèpo iṣu lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀dì wà ní apá òsì, kọ́bọ́ọ̀dù wà ní apá ọ̀tún, fèrèsé wà lápá méjèèjì, gbogbo inú rẹ̀ sì ń run ọṣẹ ẹlòmíì. A rọra tẹ́ ìyá mi sórí bẹ́ẹ̀dì náà. Ó wo òkè, ó wo fèrèsé, ó ní, “Ó dára ju yàrá tí mo kọ́kọ́ gbé ní Treichville lọ.” Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Èmi jáde lọ wo táyà.

Kí n má purọ́, oníbẹ̀rù ni mí. Bí ọkọ mi bá pẹ́ níbi iṣẹ́, mo ti máa sin ín, mà á ti ṣe òkú rẹ̀ tán kó tó wọlé béèrè oúnjẹ. Ìyá Ìfura ló máa ń pè mí, èmi náà á sì dá a lóhùn pé ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù mi àtẹ̀yìnwá. Ìyá mi la fẹ́ tẹ́ sínú àpótí yìí, ká so àpótí mọ́ ìdí ọkọ̀, ká máa sáré lórí ọ̀nà tí mi ò mọ ihò ibẹ̀. Ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀, bó bá rí ewu, ó lè di nǹkan mú. Ẹni tó dùbúlẹ̀ tí ìbàdí rẹ̀ ti dá, kí ni yóò dì mú? Táyà kan ṣoṣo ni karafáànì yìí sì ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá bẹ́, kò sí èkejì tí yóò gbé e dúró.

Ètò tí mo ṣe ni pé a ó lọ, wọn á to eegun náà, yóò sinmi díẹ̀, ọkọ mi á sì padà lọ gbé e wá kí ọdún tó parí. Ìyá mi ló tọ́ àwọn ìbejì mi dàgbà. Òun ló mọ èyí tí kì í jẹ ata àti èyí tó ń purọ́ inú rírun bí ọjọ́ ìdánwò bá pé. Mi ò mọ bí ilé wa ṣe máa rí láìsí i, mi ò sì fẹ́ mọ̀. Bí mo bá ń nù ún lára láràárọ̀, mà á sọ pé, “Màámi, kí Kérésì tó dé ẹ ti padà o.” Á dáhùn pé, “Mo gbọ́.” Bí mo bá ti gbọ́ “mo gbọ́” yẹn, ọkàn mi á fúyẹ́ díẹ̀, mà á sì lọ sí ọjà.

Ọkọ mi ra táyà tuntun méjì sí karafáànì náà. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ mú ohun tí a kò tíì dán wò lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìyá mi náà ní òun kò lè lọ láìdágbére. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa karafáànì kiri Abidjan, ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n lọ sí Abobo lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Wọ́n lọ sí Bassam, ó wo òkun láti ojú fèrèsé. Ibi tí wọ́n lọ jù ni Adjamé, nítorí ibẹ̀ ni ìyá mi ti ta irin láti kékeré mi: híńjì, àgádágodo, ìṣó, ọwọ́ ilẹ̀kùn, gbogbo ohun tí ilẹ̀kùn ń lò. Láti ìgbà tó ti ṣubú ni ìsọ̀ rẹ̀ ti wà ní títì, ó sì sọ fún mi pé òun ti ní kí àwọn ará ọjà bá òun ṣètò ọjà tó kù.

Èmi kì í bá wọn lọ. Aṣọ ni mo ń tà ní Treichville, ìparí ọ̀sẹ̀ ni ọjà mi máa ń yá. Ọkọ mi ló máa ń ròyìn fún mi pé bí àwọn bá ti dé Adjamé, àwọn obìnrin ọjà á máa wọlé, wọn á máa jáde, pé òun á lọ jókòó sábẹ́ igi kí wọ́n lè ráyè sunkún. Ní àsìkò náà, ìyá mi tún ń bẹ̀ mí pé kí n máa bá òun mú àjákù aṣọ wá láti ìsọ̀ mi. Ó ní òun fẹ́ máa fi ti ìbàdí òun, pé bẹ́ẹ̀dì òyìnbó le. Mo ń kó o fún un, inú mi sì ń dùn pé mo rí nǹkan ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá ọkọ mi ní ìdí karafáànì, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, orí rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó rí ẹsẹ̀ mi, ó yára yọ jáde, ó ní ìṣó kan tó bọ́ lòun ń wá. Ọkọ mi kò mọ irọ́ pa, ẹ̀gbẹ́ ètè rẹ̀ kan máa ń gbọ̀n.

“Bàbá Ìbejì, kí lẹ rí?”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. “Táyà òsì ń jẹ nínú.”

Èmi náà tẹrí wò ó. Apá táyà tó kọjú síta, tí gbogbo ayé ń rí, ṣì tuntun, ilà ara rẹ̀ jinlẹ̀. Apá inú, tó kọjú sí abẹ́ karafáànì, ti ń dán bí orí ọmọ tuntun tí wọ́n fá. Táyà ọ̀tún kò ní ohun kan tó ṣe é. Táyà tí a kò tíì fi kúrò ní agbègbè Abidjan, tó ti ń jẹ báyìí, ṣé ó máa dé Lomé?

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó bá wọ àgbàlá wa ló di ọ̀mọ̀ràn táyà. Díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní afẹ́fẹ́ ló kéré. Ọkọ mi ní bí afẹ́fẹ́ bá kéré, etí méjèèjì ni táyà fi ń jẹ, bó bá sì pọ̀ jù, àárín ló ń jẹ. Èyí jẹ etí kan ṣoṣo. Aládùúgbò wa kan ní ọ̀nà ni, pé ọ̀nà Abidjan dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi òjò lè ṣàn. Ọkọ mi ní ọwọ́ ọ̀tún là ń wà á ní ìlú yìí, apá ọ̀tún ni ọ̀nà dà sí, táyà ọ̀tún ni ì bá sì jẹ. Wọ́n á ṣe àríyànjiyàn títí, wọn á mu omi tútù wa tán, wọn á sì lọ. Táyà náà ń wò wá.

Ọkọ mi wá pààrọ̀ wọn. Ó gbé táyà òsì sí ọ̀tún, ó gbé ti ọ̀tún sí òsì, wọ́n sì tún lọ sí Adjamé lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n padà dé, a jọ kúnlẹ̀ wò ó. Èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni ara rẹ̀ ti ń dán nínú báyìí. Ọ̀rọ̀ náà kò sí lára táyà rárá. Ohun kan wà ní apá òsì tó ń jẹ ohunkóhun tí a bá fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi tú táyà òsì, ó sọ ọ́ sẹ́yìn Pijó, ó sì gbé e fún ọ̀gá kan tó ń tún táyà ṣe létí títì Koumassi. Ọmọ ìlú wa ni ọ̀gá náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Treichville ni wọ́n bí òun sí, ó ti ń súnmọ́ ogójì ọdún, kò tíì fojú kan Nàìjíríà rí. Yorùbá tó ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tó ń sọ lọ, èyí tó ń gbọ́ náà sì ní ibi tó mọ, Faransé ló fi ń dí ìyókù. Ọkọ mi ń sáré lọ síbi iṣẹ́, ó kàn sọ fún un pé, “Táyà yìí ń jẹ nínú, ẹ bá mi wò ó dáadáa,” ó sì lọ. Nígbà tó padà lọ gbà á nírọ̀lẹ́, ọ̀gá náà yọ̀ mọ́ ọn, ó ní, “Tonton, inú ẹ̀ dáa. Inú ẹ̀ dáa très bien.”

Ọkọ mi fi orin wọlé lọ́jọ́ náà. Ó ní a ti bẹ̀rù lásán, pé ẹni tó mọṣẹ́ ti wò ó, inú rẹ̀ dára. Ó sọ fún ìyá mi pé ní Mọ́ńdè a ti gbéra. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì bojú, mo rò pé àdúrà ló ń gbà. Èmi ní ká tún lọ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkọ mi bi mí léèrè bóyá mo fẹ́ kí ìyá mi kú sí Koumassi nítorí ìfura mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo lọ ká aṣọ Màámi sínú àpò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìrìnàjò náà, mi ò lọ sí ọjà. Mo ń di ẹrù. Gbogbo ará ilé ló ti gbé nǹkan wá pé ká bá wọn fún ẹbí wọn, èmi sì ń to wọ́n sẹ́yìn Pijó. Ìyá mi ti wà nínú karafáànì lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára ju ti inú ilé lọ. Kò sí ẹni tó ń wò mí. Mo kúnlẹ̀ ní apá òsì, mo sì ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn táyà.

Ẹ rántí pé aṣọ ni mo ń tà. Bí wọ́n bá gbé àrán wá fún mi, n kì í fi ojú wò ó lásán, ọwọ́ ni mo fi ń wò ó. Bí o bá fi ọwọ́ ra àrán síhìn-ín, á rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí o bá fà á padà, á di ọ́ lọ́wọ́ mú. Bí táyà náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo fi ọwọ́ rà á láti ìta lọ sínú, ó ń yọ̀. Mo fà á padà, ó ń gún mi ní àtẹ́lẹwọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Táyà yìí kì í yí lọ síwájú nìkan, wọ́n ń wọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń yí. Etí rẹ̀ inú ti fẹ́lẹ́ débi pé mo ń fi ìka kan okùn inú rẹ̀. Mo dìde. Mo sọ fún ọkọ mi pé a kò lọ ní Mọ́ńdè.

Ó ní, “Ọ̀gá ní inú ẹ̀ dáa.”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ pe ọ̀gá náà wá, kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án.”

Èmi fúnra mi ni mo lọ pè é. Mo ti bínú débẹ̀ ná. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni mo nawọ́ sí i. “Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní inú táyà yìí dáa?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Tantie. Mo tú u. Mo fi iná wò ó dedans. Ìṣó ò sí, waya ò já, y a rien. Inú ẹ̀ dáa.”

“Ẹ tú kí ni?”

“Pneu là, táyà yìí. Tonton ní ó ń jẹ nínú. Mo wo inú.”

Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wo ilẹ̀. Mo ti ọwọ́ ọ̀gá náà bọ ẹ̀yìn táyà. “Inú tí à ń wí nìyí. Ibí.”

Ó fi ọwọ́ kàn án, ó fà á bọ̀, ó tún fi kàn án. “Ah. Ibí kì í ṣe inú, Tantie. Ibí, c'est côté, ẹ̀gbẹ́ ni.”

“Ẹ ò rí i ni?”

“Mo rí i. Mais kò sẹ́ni tó bi mí.”

Bí kò bá jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà mí, èmi ì bá rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n bi í léèrè ló dáhùn. Wọ́n ní kó wo inú, ó wo inú, inú sì dára. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá ju tirẹ̀ lọ la fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn gbé ìyá wa sójú ọ̀nà. Mo bá a tọrọ gáfárà fún ohùn tí mo fi pè é. Ó ní kò sí nǹkan, ó sì lọ gbé jáàkì rẹ̀ wá.

Ó kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ àárín táyà àti ara karafáànì. Ní ọ̀tún, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọlé. Ní òsì, orí ìka rẹ̀ nìkan ló wọlé. Ó ní ká wá wo táyà náà láti ẹ̀yìn. A wò ó. Orí rẹ̀ tẹ̀ sínú, ìdí rẹ̀ yọ síta, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ru ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ó ti jáàkì bọ abẹ́ apá òsì, ó ń yí i, ọrùn rẹ̀ ń le. Ó dáwọ́ dúró.

“Tantie, kí ló wà lókè ibí?”

“Ìyá mi ni.”

“La vieille nìkan?”

“Àwọn nìkan ni.”

Ó mi orí. “Màmá ò lè wúwo tó báyìí.”

Ìyá mi, tí àìsàn ti jẹ kù bí ọmọdé, tí èmi nìkan lè gbé láti ẹní dé ẹnu ọ̀nà. Láti ojú fèrèsé tó wà lórí wa ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Ìyá Ìbejì, wọlé wá.”

Mo wọlé. Ó ní kí n sún ẹsẹ̀ òun sápá kan, kí n gbé pákó tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì sókè. Mo gbé e. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà kún dé ẹnu. Àjákù aṣọ mi ni mo kọ́kọ́ rí, àwọn tó ní òun fẹ́ fi ti ìbàdí, wọ́n fi di nǹkan ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi okùn so ó dáadáa. Mo tú ọ̀kan, híńjì ni. Mo tú òmíràn, àgádágodo ńlá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni. Ọwọ́ ilẹ̀kùn, bóòtù, ìṣó nínú agolo. Gbogbo ọjà tó kù ní ìsọ̀ Adjamé ni, tí àwọn obìnrin tó ń wọlé, tó ń jáde, ti ń gbé wá díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọkọ mi jókòó sábẹ́ igi.

“Màámi, kí lẹ fẹ́ fi irin ṣe?”

“Ilẹ̀kùn ni. Yàrá tí wọ́n fún mi nílé bàbá mi kò nílẹ̀kùn, aṣọ ni wọ́n ta sí i. Yàrá àwọn àbúrò mi náà, bákan náà ni. Mo ta ìtì ilẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó ń kọ́lé ní Abidjan yìí, ilé bàbá mi wà ní ṣíṣí.”

“Ẹ ṣáà ń padà bọ̀ ní Kérésì. Kí ni ẹni tó ń bọ̀ fẹ́ fi gbogbo ilẹ̀kùn yìí ṣe?”

“Ta ló ní mò ń padà bọ̀?”

“Ẹ̀yin ni. Àràárọ̀ la jọ ń sọ ọ́.”

“Ìwọ lò ń sọ ọ́,” ìyá mi wí. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. “Èmi, mo ní mo gbọ́.”

Mo jókòó sórí ilẹ̀ karafáànì náà, híńjì lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo ń tajà. Bí oníbàárà bá dá iye tí mi ò lè gbà, tí mi ò sì fẹ́ bá a jà, kí ni mo máa ń wí fún un? “Mo gbọ́, Ìyá.” Gbogbo ọjà Treichville ló mọ̀ pé “mo gbọ́” kì í ṣe “ó dára.” Inú ẹni lorúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé, ìyá mi sì ti sọ tirẹ̀ lórúkọ tipẹ́. Ilé ló ń lọ, kò ní padà. Ẹni tó bá ń bọ̀ kì í gbé ìtì ilẹ̀kùn dání.

Inú bí mi. Mo fẹ́ kó o jáde fún un, kí n kó gbogbo irin náà padà sí Adjamé lójú ẹsẹ̀. Ọkọ mi náà ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń sọ pé ohun tó rọrùn jù nìyẹn, ká yọ irin, ká lọ, pé ẹ̀mí ṣe pàtàkì ju àgádágodo lọ. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n èmi mọ ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ. Mo ń rò ó pé bí kò bá rí ilẹ̀kùn tì nílé, bóyá á padà wá sọ́dọ̀ mi. Ìyá mi kò bẹ̀ mí. Ó kàn na ọwọ́ sí híńjì tó wà lọ́wọ́ mi, ó gbà á, ó sì ń fi aṣọ rẹ̀ wé e padà.

Mo ní ká gbé irin náà lọ.

Mọ́ńdè kọjá, a kò kúrò. Ọ̀gá náà tú irin tó gbé táyà méjèèjì dúró, ó fi hàn wá pé rọ́bà tó wà nínú apá òsì ti tẹ̀, kò lè na ara rẹ̀ mọ́. Ọkọ mi lọ wá òmíràn ní Vridi lára karafáànì tí wọ́n ti pa tì, wọ́n jọ fi í sí i, ó sì tún ra táyà tuntun méjì. Ẹrù àwọn ará ilé ni mo dá padà fún àwọn tó ni wọ́n, ojú sì tì mí púpọ̀, kí àyè lè gba irin lẹ́yìn Pijó. Díẹ̀ tó kù, mo pín in sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀tún. Mo ń gbé, ọ̀gá náà ń ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn táyà, ó ń sọ pé, “Encore un peu, Tantie, díẹ̀ sí i,” títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi wọ òsì bó ṣe wọ ọ̀tún. Ìyá mi ń wo bí mo ṣe ń to ilẹ̀kùn rẹ̀.

Gbogbo ibi tí a bá ti dúró lójú ọ̀nà ni mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kúnlẹ̀. Ní ẹnubodè Ghana, ní Takoradi, ní Accra, ní Lomé, mo ń ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn táyà òsì, mo ń rà á síwá, mo ń rà á sẹ́yìn. Àwọn aṣọ́bodè rò pé mo fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀, wọ́n tanná wò ó. Ọkọ mi rò pé ẹ̀rù bíbẹ́ táyà ló ṣì ń bà mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa rí Cotonou, ohun tí mo ń wá ti yí padà. Mo ń wá ibì kan tó ti jẹ. Mo fẹ́ kí n kan ibì kan tó ń dán, kí n lè dìde sọ pé kò ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ ká dá Màámi padà. Mi ò rí i. Táyà náà jẹ dọ́gba láti Abidjan títí dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹni tó ń to eegun wá wò ó. Ó fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀, ó ní ó ti pẹ́ jù, pé kó máa sinmi. Kò jọ pé ó dun ìyá mi. Ohun tó béèrè ni káfíńtà. Ilẹ̀kùn yàrá tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kàn, ọkọ mi ló sì fi híńjì sí i. Ìyá mi ní kí wọ́n má fi bóòtù sókè bí ti gbogbo ilé, kí wọ́n fi í sísàlẹ̀, ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ lè dé, kí wọ́n sì sún ẹní òun mọ́ ọn. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a fẹ́ padà sí Abidjan, ó ní kí gbogbo wa jáde, òun fẹ́ dán an wò. A jáde. Ilẹ̀kùn pa dé, mo sì gbọ́ bóòtù náà bó ṣe ń wọ ibi tó yẹ kó wọ̀, láti inú. Mo dúró sí ìta pẹ̀lú ọwọ́ mi lára pákó.

Mo ní, “Màámi, ní Kérésì, èmi ni mà á wá.”

Ó ní, “Mo gbọ́.”